Nígbà tí Ọba Gba Oníṣọ̀nà ní Àlejò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ káàkiri ní òde òní, pé ó yẹ kí ìlú máa gba oníṣọ̀nà ní àlejò fún ìgbà díẹ̀, kí a fún un ní ilé àti oúnjẹ, kí òun náà sì fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ṣe ohun kan tí tọmọdé tàgbà yóò máa rí ní gbangba. Àwọn kan rò pé láti òkè òkun ni ọgbọ́n yìí ti wá. Kí wọn má bínú sí wa. Ẹni tí ó bá ti Ìjàrè lọ sí Àkúrẹ́, tí ó sì gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kọjá, yóò dé ìlú tí ọba rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Èkìtì àti àwa kò sì tí ì pín sí ìpínlẹ̀ méjì títí di ọdún 1996, nítorí náà ohun ilé wa ni a ń sọ.

Ọba náà ni Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Oníṣọ̀nà náà ni Ọlọ́wẹ̀, ẹni tí a bí ní Èfọ̀n-Aláayè, tí ó sì di ará Ìsẹ̀, níbi tí ó ti jẹ́ ìránṣẹ́ Arínjalẹ̀. Láàrin 1910 sí 1914 ni ó ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n ní ọdún mẹ́rin ni ó fi gbé ní ààfin, tí ó sì gbẹ́ ohun bí ọgbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọdún mẹ́rin yìí. Ẹni tí ó gba àlejò fún ọdún mẹ́rin mọ̀ pé iṣu òun ni yóò máa dín ní abà. Ìgbìmọ̀ ìlú wo ni ó lè bọ́ agbẹ́gi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lónìí, láìjẹ́ pé wọ́n ń bi í ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ bóyá iṣẹ́ ti parí?

Nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́, ọ̀kan fi ọba hàn lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé rẹ̀. Ayaba àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga ju ọba lọ fíofío. Ìlẹ̀kùn kan tún wà: ní apá kan Ògògà jókòó, ó ń retí àlejò, ní apá kejì Kápútẹ́nì Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ń bọ̀ nínú àga tí ènìyàn méjì gbé rù. Àwòrán wọ̀nyí yọ síta lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rò pé wọ́n fẹ́ rìn kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, bí ó bá wá sí ààfin wá rojọ́, yóò ka ìtàn ìlú rẹ̀ lára igi.

Ní 1924 a gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí a ṣe ní Wembley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀ láti tà á, ṣùgbọ́n ó gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ àga ọba kan tí a ṣe ní ìlú òyìnbó. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn dípò rẹ̀. Àwa kì í ṣe onídàájọ́ ọba, ṣùgbọ́n a kò lè ṣàì sọ pé àga ni ó jẹ èrè níbẹ̀. Òpó ọba àti ayaba tí a wí lẹ́ẹ̀kan náà ti wà ní ìlú Chicago láti 1984. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ rí ohun tí baba ńlá rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn tì, kí ó lọ wá owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ní 1947, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, àwọn Fadá ìjọ Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, tún dá irú ìgbàlejò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó agbẹ́gi, ahunṣọ àti àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ jọ. Bándélé, ọmọ Àrẹògún ti Òsì-Ìlọrin, wá síbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, sì di ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a yìn lára àwọn Fadá wọ̀nyí ni pé wọn kò gbé àwòrán òyìnbó síwájú wọn pé kí wọn dà á kọ. Wọ́n sọ ìtàn Bíbélì fún wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọn gbẹ́ ẹ bí baba wọn ti ń gbẹ́ ọba àti jagunjagun. Mùsùlùmí ni Làmídì, a kò sì gbọ́ pé ẹnìkan lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1954 ibi iṣẹ́ náà kógbá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti mọ igi kò gbàgbé. Làmídì ni ó gbẹ́ ère Odùduwà fún Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1987. Ó kú ní 2009.

Bí àwọn ará Ìjàrè, Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó bá ń gbèrò láti pe oníṣọ̀nà, dípò kìnnìún sìmẹ́ǹtì tí a máa ń rà kiri láti fi sí ẹnu ọ̀nà, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ fún un ní yàrá, ẹ fún un ní ọmọ ìlú méjì tàbí mẹ́ta tí yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní igi gbígbẹ tí ikán kò fẹ́ràn. Ibi tí òjò kò ti ní pa iṣẹ́ náà, tí àwọn tí ń lọ ọjà yóò sì máa rí i, ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é sí abẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, nígbà tí John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, wá béèrè rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, Olùjù-ìfun, ṣì wà láàyè, ó sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un.