Sípíríǹgì àti Bàtà Kílọ́ọ̀ṣì inú Ẹ̀rọ Ayùn

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá lónìí, láti Èrúwà dé Igbó-Ọrà, kì í ṣe àáké nìkan ni a fi ń gé igi mọ́. Igbe ẹ̀rọ ayùn ni à ń gbọ́ lóko. Ẹni tí ó bá wo agégẹdú lẹ́nu iṣẹ́ yóò rí ohun ìyanu kan: ẹ́ńjìnnì ń kùn, síbẹ̀ ṣéènì eléyín dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá fún un lépo, ṣéènì a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kí ni ó dì í mú tẹ́lẹ̀, kí ni ó sì tú u sílẹ̀? Kílọ́ọ̀ṣì ni.

Ẹni tí ó bá ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko rí ti mọ ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí a ti ń fi í yí po, bẹ́ẹ̀ ni òkúta inú rẹ̀ ń fa okùn mọ́ wa lọ́wọ́. Bí ìyára rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìfà náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Báyìí gan-an ni ti kílọ́ọ̀ṣì. Irin wúwo méjì tàbí mẹ́ta, tí a ń pè ní bàtà, ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Sípíríǹgì ni ó so wọ́n mọ́ra. Igbá irin tí ó bò wọ́n ni ó ń wa ṣéènì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn jẹ́jẹ́, ní nǹkan bí ìyípo 2,800 ní ìṣẹ́jú kan, sípíríǹgì ni ó lágbára jù, bàtà kò sì kan igbá. Bí ìyípo bá tó nǹkan bí 4,000, bàtà a borí sípíríǹgì, a sì gbá igbá mú. Irú kílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sínú alùpùpù Honda Super Cub ní 1958, tí ẹni tí ń gùn ún kò fi ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì láti tẹ̀.

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ kékeré alẹ́po nitro, tí a ń fi rédíò darí, sáré ìje a máa yan sípíríǹgì bí ilẹ̀ bá ti rí. Bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, wọn a mú èyí tí okùn irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.9, kí ọkọ̀ lè gbéra pẹ̀lẹ́; bí ilẹ̀ bá di táyà mú, wọn a mú 1.1, kí ó lè fò síwájú. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n bí ìrísí méjèèjì bá dọ́gba, èyí tí ó nípọn le ju ìlọ́po méjì ekejì lọ. Bàtà alumíníọ́mù a máa gbá igbá mú gírígírí. Ti carbon a máa gbá a mú wọ́ọ́rọ́. Bí wọ́n bá ṣi yíyàn ṣe, ọkọ̀ ìṣeré kan ni yóò gbẹ́yìn.

Ti agégẹdú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí sípíríǹgì bá dẹ̀ tàbí tí ó já, bàtà a fò jáde láìtọ́jọ́. Ṣéènì a máa yí nígbà tí a kò fún un lépo, itan ẹni tí ó gbé e ni ó sì sún mọ́ ọn jù. Bí sípíríǹgì bá le jù, bàtà a máa yọ̀ lára igbá, igbá a gbóná, bàtà a sì jó.

Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ti bá agégẹdú yàn. Sípíríǹgì tí a ṣe fún ẹ̀rọ náà gan-an ni kí ó rà. Kí ó má yọ ti ẹ̀rọ mìíràn sí i, kí ó má sì gé e kúrú. Bí ọ̀kan bá já, kí ó pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀, kí ó sì yẹ bàtà wò. Kí ó tó wọ oko, kí ó tan ẹ̀rọ, kí ó tú bíréèkì ṣéènì, kí ó sì jẹ́ kí ó máa kùn. Bí ṣéènì bá ń yí, kí ó kọ́kọ́ dín ìyára kíkùn náà kù. Bí ó bá ṣì ń yí, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Olùkọ́ tí ó bá fi kànnàkànnà kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí lónìí lè ti gba ẹsẹ̀ agégẹdú kan là lọ́la.