Èlé lè gbé àjọ ṣubú

Ẹ jẹ́ ká ní àjọ ìfowópamọ́ yá yín ní 100.000 sẹ́fà fún ọdún mẹ́ta, èlé 12.000 lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ yí padà. Ó ń san 4.000 lọ́dún fún ẹni tó fowó pamọ́ fún ọdún méjì. Owó òṣìṣẹ́ àti iná jẹ́ 6.000, ó ku 2.000. Lọ́dún kẹta, olówó ní 7.000 lòun ń fẹ́. Àdánù 1.000 ti dé nìyẹn!

Kì í ṣe àlá o: láàárín 2022 sí 2023, BCEAO gbé èlé tirẹ̀ kúrò ní 2 sí 3,5 nínú 100.

Òdiwọ̀n tí BCEAO ṣe lọ́dún 2010 ní kí owó tó máa pẹ́ nílẹ̀ tó èyí tí àjọ yá jáde fún ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ nìkan ló ń kà! Lójú tèmi, kò tó. Nípàdé gbogbogbò, ẹ bi àwọn alákòóso léèrè: bí èlé bá wọ́n, kí ló máa kù?