Iná Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kú Tó Tún Ń Tàn

Ẹ má ṣe gbà kí mẹkáníìkì kàn pa kóòdù iná ẹ́ńjìnnì rẹ́ lásán. Bí ohun tó fà á bá ṣì wà níbẹ̀, iná yóò padà tàn.

Lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù Corolla 2003 mi ni ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ wà. P0171 ni ẹ̀rọ náà gbé jáde: afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ jù fún iye epo tó ń wọ̀ ọ́. Kóòdù yìí kò dárúkọ ohun tó bàjẹ́, síbẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tuntun ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ rà. Ẹ dá owó yín dúró ná! Họ́ọ̀sì rọ́bà tó so ilé fílítà afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ooru máa ń mú kó sán bó bá ti gbó, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ kò kà yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fà á gùn díẹ̀, kí ẹ wo àárín ìṣẹ́po rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti là.

Ṣùgbọ́n bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, ẹ tètè páàkì. Epo tí kò jó lè máa ṣàn wọ sálẹ́ńsà, kó sì ba katalíìsì tó ń sọ èéfín di mímọ́ jẹ́.