Ẹsẹ̀ tí ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ìrọbí

“Ẹ kú ewu ọmọ” ni a ń kí obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nítorí àwọn ìyá wa mọ̀ pé ewu ni ìrọbí. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkíni náà: ìyá ọmọ dìde lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbé e, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. A ti gbọ́ ọ rí ní Gouka pé àjẹ́ tàbí orogún ló fà á. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ìrọbí bá pẹ́ jù, orí ọmọ a há sínú egungun ìbàdí ìyá. A máa tẹ iṣan ìmọ̀lára tó gba ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, èyí tí Faransé ń pè ní nerf. Ó sì lè tẹ àpò ìtọ̀ títí ara ibẹ̀ yóò fi kú, tí yóò sì lu. Ìtọ̀ a wá máa jò tọ̀sán-tòru. Èyí ni fistule. Méjèèjì lè bá obìnrin kan náà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Iṣẹ́ abẹ ni ti ìtọ̀ tó ń jò. Ọ̀nà tó ti Bantè lọ sí Bassila, Djougou àti Natitingou ló dé Tanguiéta, níbi tí ilé ìwòsàn Saint-Jean-de-Dieu wà láti 1970. Ibẹ̀ ni Dókítà Charles-Henri Rochat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń wá láti Genève ṣe iṣẹ́ abẹ yìí.

Sùúrù ni ti ẹsẹ̀. Iṣan tó bàjẹ́ lè tún hù, ṣùgbọ́n bíi mílímítà 1 lóòjọ́ ni. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Láàárín ìgbà náà, kí kiné kọ́ ará ilé bí a ṣe ń na ọrùn ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má baà le. Ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o: ẹsẹ̀ tó kú tipiri kò mọ̀ pé iná ń jó òun.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyakọ, ẹ má dá aya yín padà sílé baba rẹ̀ nítorí àìsàn tó gbà níbi tó ti ń bímọ fún yín. Obìnrin tó sì ti ń rọbí láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìbí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró de ọ̀la.