Ọwọ́ Tí Kì Í Fu Ojú Lára

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu, tí ó jẹ́ pé bí onídán bá ti fi káàdì pa idán lójú wọn, tí ohun tí wọ́n rí sì kọjá òye wọn, òun náà ni wọn yóò fi tu ara wọn nínú: wọn a ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó yá ju ojú lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ aráyé yá púpọ̀, pàápàá ojú ẹni tí ó ti fura, tí ó sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé lónìí yìí òun kò ní í ṣẹ́jú. Ọwọ́ tí ó bá sì sáré níwájú irú ojú bẹ́ẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn ní arúfin, àní bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí ohun tí ó ṣe. Ohun tí àwọn àgbà onídán káàdì mọ̀, tí wọ́n sì fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn lé, ni pé kí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ jọ iṣẹ́ gbangba tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ẹni tí ń wò ó kò fi ní í rí ìdí láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Àwọn tí ó dàgbà tó láti rántí Professor Peller onídán, ọmọ Ìsẹ́yìn, yóò sọ pé àpótí ńlá, iná, ìlù àti aṣọ dídán ni àwọn mọ̀ mọ́ idán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n idán orí ìtàgé ní àyè tirẹ̀, nítorí òkèèrè ni olùwòran jókòó sí. Onídán káàdì kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń wò ó lè na ọwọ́ kí ó gbá a lápá mú.

Nínú gbogbo àwọn tí ó rin ọ̀nà yìí ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, agbára káká ni a ó fi rí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ròkè ju ti Dai Vernon lọ, ọmọ Ottawa ní ilẹ̀ Kánádà, ẹni tí a bí ní ọdún 1894, tí àwọn onídán ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti kékeré ni ó ti ń ka ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1902, The Expert at the Card Table, tí ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní S. W. Erdnase kọ. Títí di òní olónìí, kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé báyìí ni orúkọ tí bàbá Erdnase sọ ọ́, nítorí ó fi orúkọ náà bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Apá tí ó pọ̀ nínú ìwé náà dá lórí bí àwọn atatẹ́tẹ́ ṣe ń fi káàdì rẹ́ni jẹ, ó sì yẹ kí á béèrè ohun tí onídán ń wá nídìí ìwé ọ̀jẹ̀lú. Ìdáhùn kò jìnnà. Onídán tí wọ́n bá fura sí, àtẹ́wọ́ nìkan ni yóò pàdánù. Atatẹ́tẹ́ tí wọ́n bá fura sí, eyín rẹ̀ lè ṣàì bá a délé. Nítorí náà, ẹ̀tàn atatẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ ní àmì kankan lára. Wọn kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ó ṣe nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ nǹkan í ṣe. Erdnase kìlọ̀ pé ìgbéraga ni ó ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá jẹ́, nítorí ó ń wù wọ́n láti fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn. Ẹ̀kọ́ yìí ni ọmọdékùnrin Ottawa náà gbé mì.

Ní oṣù kejì ọdún 1922, ní Chicago kan náà, Vernon pàdé Harry Houdini. Houdini nì, ajá-ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, akọni tí àgádágodo kò lè há mọ́lé, tí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ọba káàdì, a máa fọ́nnu pé kò sí idán tí wọn yóò pa lójú òun lẹ́ẹ̀mẹta tí òun kò ní í mọ ìdí rẹ̀. Vernon ní kí ó mú káàdì kan, kí ó fi kálàmù kọ lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí i lójú. Ó gba káàdì náà, ó fi í sí abẹ́ èyí tí ó wà lókè pátápátá kí ó di ìkejì, ó tò wọ́n gún. Nígbà tí ó sì ṣí káàdì òkè, káàdì Houdini ni. Houdini ní kí ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ó tún ní kí ó ṣe é, ó ṣe é. Bí ìtàn náà ṣe wà lẹ́nu àwọn onídán, ìgbà méje ni, akọni náà kò sì rí ibi tí omi gbà wọ inú àgbọn. Olè ni ó mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àpáta kò fi ẹsẹ̀ kankan han Houdini.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ wọ̀nyí láti ìtòsí, èyí tí ó rọrùn láti ṣàlàyé, tí ó sì ṣòro láti ṣe kí ó gún: kí á ṣí káàdì méjì bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Onídán di ìdì káàdì 52 mú ní ọwọ́ òsì. Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ń retí ohunkóhun, ó ti fi ẹran orí ìka rẹ̀ tí ó kéré jù há abẹ́ káàdì méjì òkè ní igun ẹ̀yìn, àlàfo náà kò sì ju ohun tí bébà lè gbà kọjá lọ. Ọwọ́ ọ̀tún wá, ó gbá méjèèjì mú pọ̀, ó sì yí wọn kí ojú wọn hàn. Ojú káàdì kejì ni olùwòran rí, ṣùgbọ́n ó gbà pé ti òkè ni. Onídán dá wọn padà, ó mú káàdì òkè nìkan, ó tẹ̀ ẹ́ sórí tábìlì, ó ní kí olùwòran fi ọwọ́ lé e. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, irọ́ ti wà lábẹ́ ọwọ́ olùwòran fúnra rẹ̀.

Níbo ni ó wá ti máa ń bàjẹ́? Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ a di káàdì méjèèjì mú gírígírí kí ọ̀kan má baà yọ̀ lára èkejì, a fi orí ìka gbé wọn tìṣọ́ratìṣọ́ra, èémí rẹ̀ a sì dúró díẹ̀; bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, nígbà tí kò ní ohun tí ó ń pamọ́, àtàǹpàkò ni ó fi ta káàdì síwájú, tí ó sì yí i padà láìtilẹ̀ wò ó. Olùwòran kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, ìyẹn sì ti tó láti fi ba idán jẹ́. Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Àléébù náà kò sí nínú káàdì méjì rárá. Inú káàdì kan ni ó wà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò jókòó rí láti wo bí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣí káàdì nígbà tí kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ìyẹn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ́, kí ó ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi di ohun tí ó lè ṣàpèjúwe, kí ó tó wá fi iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ṣe àwòṣe rẹ̀. Àwọn kan a máa yí i padà: wọn a mú ìṣe tí ẹ̀tàn náà nílò, wọn a sì fi í ṣí gbogbo káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ojú olùwòran yóò fi mọ́ ọn. Ọgbọ́n ni, mi ò kọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀nà àkọ́kọ́ lọ́lá jù, nítorí ìṣe tí ó ṣàjèjì kì í tètè di ìṣe ilé.

Káàdì tí a fi pamọ́ sínú àtẹ́wọ́ tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọwọ́ tí káàdì wà nínú rẹ̀ a gan, àtàǹpàkò a nà síta, onídán a sì máa yọjú wò ó ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tí ó jí ẹran nínú ìkòkò, tí ó wá ń kí ìyá rẹ̀ kú iṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Irú onídán bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé káàdì lásán ni èyí o, pé kò sí nǹkan lọ́wọ́ òun o. Ta ni ó bi í? Ohun tí ó dára ni kí ọwọ́ náà rọ̀, kí ó sì rí iṣẹ́ ṣe, kí ó di ìdì káàdì mú létí tàbí kí ó mú kálàmù fún ẹni tí yóò kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ kálàmù yìí ni ó mú mi rántí Arturo de Ascanio, agbẹjọ́rò ará Sípéènì tí ó kú ní 1997, ẹni tí ó la ọ̀ràn yìí yé àwọn onídán ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Ó ní iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ojú ọ̀nà ni kí ó wà, kí ó jẹ́ ohun tí a ń ṣe kọjá lọ síbi tí a ń lọ gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ìdì káàdì gbọ́dọ̀ kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì kí ẹ̀tàn tó wọlé, onídán tí ó bá gbé e bẹ́ẹ̀ lásán yóò mú kí ènìyàn béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n bí kálàmù bá wà nínú àpò ọ̀tún, tí ọwọ́ ọ̀tún sì ń lọ mú un, dandan ni kí òsì gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí olùwòran bá délé tí ó ń ròyìn, kálàmù ni yóò rántí, kò ní í rántí pé káàdì pààrọ̀ ọwọ́ rí.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ náà gbe èyí lẹ́yìn. Gustav Kuhn, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onídán, fi ẹ̀rọ tí ń tọ ipa ẹyinjú wo àwọn olùwòran nínú iṣẹ́ kan tí òun àti Benjamin Tatler tẹ̀ jáde ní 2005. Sìgá ni wọ́n lò, kì í ṣe káàdì: onídán jẹ́ kí sìgá náà bọ́ sílẹ̀ ní gbangba, síbẹ̀ àwọn kan kò rí i. Ibi tí ojú àwọn tí ó rí i wà kò yàtọ̀ sí ibi tí ojú àwọn tí kò rí i wà lọ títí. Ọkàn ni kò sí níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé eré sísá ni, kí ó wá àwòrán René Lavand wò, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà tí ó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ó sì fi ọwọ́ òsì nìkan pa idán káàdì títí ó fi kú ní 2015. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń ṣe é. Bí idán náà bá sì ti tán, a tún un ṣe kí ó falẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún dígí, nítorí àwọn tí ó ń fi dígí kọ́ṣẹ́ a máa ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú gan-an tí ẹ̀tàn bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń tan ara wọn jẹ, inú wọn sì ń dùn.

Ní ọdún 1932, nígbà tí Vernon wà ní Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas, tí ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé àwòrán orí ènìyàn láti inú bébà fún oúnjẹ òòjọ́, ẹlẹ́wọ̀n kan tí ó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò sọ fún un pé òun ti rí ẹni tí ń pín káàdì láti àárín ìdì, tí ó sì dà bí ẹni pé òkè ni ó ti ń mú un. Àwọn ọ̀jáfáfá ìgbà náà gbà pé kò ṣeé ṣe. Vernon wá apínkáàdì náà káàkiri títí ó fi bá a ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Pleasant Hill ní Missouri. Allen Kennedy ni orúkọ rẹ̀. Kennedy jókòó, ó pín káàdì fún un. Ohun tí Vernon rí kò ju ọkùnrin kan tí ń pín káàdì lọ. Kò sí ẹni tí yóò sanwó ìwọlé láti wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì bá a ta tẹ́tẹ́, tí owó rẹ̀ tán, orí ara rẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi.