Ìwé Iṣẹ́ Kánádà Kì í Ṣe Ọjà Títà

Bàbá àgbà kan wá bá wa ní ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Ẹnì kan ni ó kọ ìwé náà sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, pé ilé iṣẹ́ kan létí òkun Kánádà ti gbà á sí iṣẹ́. Ohun tí ó kù ni kí bàbá san owó ìwé náà. Bàbá ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ oko rẹ̀. Ó bi wá léèrè pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ mọ̀wé, ṣé òótọ́ ni?"

Èsì tí a fún un ni a fẹ́ fún gbogbo òǹkàwé wa, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò kan òun nìkan.

Ètò náà wà ní tòótọ́. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin, New Brunswick, Nova Scotia, Prince Edward Island, àti Newfoundland òun Labrador, ni ó wà ní ìlà-oòrùn Kánádà, létí òkun Àtìláńtíìkì. Ní ọdún 2017 ni a fi ètò yìí dánrawò fún wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni a sọ ọ́ di èyí tí yóò dúró. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àgbà pọ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ́ kò tó. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń ṣí lọ sí Ontario àti Alberta láti wá owó. Ní ọdún 1992, nígbà tí ìjọba dá pípa ẹja kọ́ọ̀dù dúró ní Newfoundland nítorí pé ẹja náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lókun, nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ tí ọmọ ń sá kúrò lórí rẹ̀ ni ó wá ń ránṣẹ́ pe ọmọ ẹlòmíràn lónìí. (Kí a má rẹ́rìn-ín wọn o, tiwa náà ń sá, a kò sì rí ẹni tí a ó ránṣẹ́ pè.)

Agbanisíṣẹ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ yóò kọ́kọ́ yẹ ilé iṣẹ́ wò, yóò fún un láṣẹ, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ tí gbogbo ayé lè kà. Nígbà náà ni ilé iṣẹ́ yóò tó lè fi iṣẹ́ lọ àlejò: iṣẹ́ ọdún yípo, kì í ṣe ti ìgbà ìkórè, tí kò dín ní wákàtí 30 lọ́sẹ̀. Ẹni tí a pè gbọ́dọ̀ ti fi wákàtí 1,560 ṣe iṣẹ́ tí ó bá a mu láàrin ọdún márùn-ún, àfi bí ó bá jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni ó ti jáde. Yóò ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Faransé. Ẹgbẹ́ tí ń gba àlejò yóò bá òun àti ìdílé rẹ̀ ṣètò bí wọn yóò ti máa gbé, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí i, yóò wá béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀.

Nígbà tí àwọn ará Èjìgbò ń lọ sí Abidjan, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ sí Gold Coast, ẹ̀gbọ́n ni ó ń pe àbúrò. Bí ẹni tí ó pe ọ́ bá tàn ọ́, a ó bá a dé ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kò sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí ó kúrò nílùú. Ti Kánádà yìí yí i po: ìwé wà, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń peni ni a kò mọ̀. Ibẹ̀ ni olè dúró sí.

Àwa sọ ọ́ gbangba pé agbanisíṣẹ́ tí a fún láṣẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti ta iṣẹ́ fún àlejò. Owó ìdánwò wà, owó àyẹ̀wò ara wà, owó tí ìjọba Kánádà ń gbà fún ìwé wà pẹ̀lú. Owó tí ènìyàn yóò fi hàn pé òun lè bọ́ ara òun sì wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kúrò lápò rẹ̀. Èyí tí ó bá yọ sí i lórúkọ "owó ìwé iṣẹ́", kí a bi ẹni tí ń gbà á léèrè dáadáa.

Ewu kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rò. Ẹni tí ó bá fẹ́ tètè dé kí ìwé ìgbélùú tó jáde lè gba ìwé iṣẹ́ onígbà díẹ̀, tí kì í kọjá ọdún méjì. Orúkọ ọ̀gá kan ṣoṣo ni ó ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé owó iṣẹ́ òun kò pé?

A kò ní kí ọ̀dọ́ má lọ. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ni pé kí wọ́n fi akọ̀wé kan sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò máa bá àwọn òbí wo irú ìwé báyìí kí wọ́n tó náwó. Iṣẹ́ náà kò ju ìdajì wákàtí lọ. Àwa mọ̀, nítorí a ṣe é fún bàbá wa yìí. A wo àkójọ àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ náà kò sí nínú ọ̀kankan. Bàbá ká ìwé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tètè délé kí òun lè sọ fún ẹni tí ń ra ilẹ̀ náà pé kí ó má wulẹ̀ wá ní ọjọ́ Sátidé mọ́.