Ṣé o mọ̀? Odò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ó rọrùn láti léfòó lójú òkun ju lójú odò lọ? Iyọ̀ ló mú kí omi òkun wúwo, òun ló ń gbé ènìyàn sókè. Nínú odò, apá àti ẹsẹ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé ní Ìkògòsì-Èkìtì, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé?

Ìsun omi Wikki ńkọ́, ní ọgbà ẹranko Yankari, ìpínlẹ̀ Bauchi? Bíi 31°C ni omi rẹ̀, lọ́sàn-án, lóru, lẹ́ẹ̀rùn, lójò. Ṣùgbọ́n má gbé oúnjẹ sétí omi: àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ.

Ṣé o mọ̀ pé láti 1864 ni wọ́n ti ń fi ìwẹ̀ díje láàárọ̀ Kérésì nínú adágún Serpentine, ní Lọ́ńdọ̀nù? J. M. Barrie, tó kọ Peter Pan, ló fún wọn ní ife ẹ̀yẹ ní 1904.

Ní Basel, ní Switzerland, àpò tí omi kì í wọ̀, tó rí bí ẹja, ni wọ́n ń kó aṣọ àti bàtà sí. Oníwẹ̀ á dì í mú, odò Rhine á sì gbé tòun tàpò lọ.

Ṣé o mọ̀ pé omi tútù ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ tútù lọ? Ẹni tó bẹ́ sínú rẹ̀ lójijì á mí hẹlẹhẹlẹ. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi, omi ló máa fà símú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa wọ̀ ọ́.

Àtọ̀sí ajá, tó ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, ńkọ́? Ara ìgbín omi ni ọmọ aràn rẹ̀ ti ń jáde, á gba awọ ara wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí egbò. Theodor Bilharz, dókítà ará Jámánì, ló rí aràn náà ní Cairo ní 1851. Omi tó dákẹ́, tí koríko kún, ni ìgbín ọ̀hún fẹ́ràn. Praziquantel ni oògùn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi gbé lọ lágbàáyé ní 2021?

Nítorí náà, kí o tó bọ́ṣọ, bi àwọn ará etí odò léèrè ibi tó jìn àti ibi tí àpáta wà. Má dá nìkan lọ. Bí agbára bá tán, má bá omi jà: dojú kọ ọ̀run, léfòó, kígbe.